Ilẹ̀ Ìlódè àti Yanrìn Etí Òkun

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn ọmọ agbo-ilé kan ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀, péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé wọn. Ohun tí ó pe ìpàdé náà kò ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan lọ, ilẹ̀ tí kò tóbi, tí ó wà lẹ́yìnkùlé, tí igi obì méjì àti igi ọ̀pẹ kan dúró lé lórí. Obìnrin kan wà nínú agbo-ilé náà tí ó fi ọdún 35 ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó fẹ̀yìntì. Màmá Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọmọ ilé ni, kì í ṣe ìyàwó ilé. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó fẹ́ kí ẹbí ta ilẹ̀ náà, kí ìpín tí ó kan ìyá òun di owó, kí òun fi owó náà kún èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun, kí òun ra ilẹ̀ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, kí òun kọ́ ilé sí i, kí òun sì wá kó ìyá òun lọ sí etí òkun.

Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ tí ó fẹ́ rà sórí ẹní. Ìlà gbọọrọ ni ó kún inú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ojú títì tí ẹnikẹ́ni kò tíì là. Àwọn àgbà wò ó títí. Baálé wá béèrè pé, “Ọmọ wa, ibi tí o ń nawọ́ sí yìí, ṣé ilẹ̀ ni tàbí omi?” Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ojú bàbá kò ríran mọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ìbéèrè tí ó sún mọ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tó èyí.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Lẹ́kkí kò ní fi baálé ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo agbègbè náà. Òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní àríwá. Apẹja, àgbẹ̀ olóko ẹ̀gẹ́ àti àwọn tí ó ń ṣòwò àgbọn ni ó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi ń ná ọjà. Ní ọdún 1962, nígbà tí rògbòdìyàn òṣèlú bẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí ìjọba àpapọ̀ sì kéde òfin pàjáwìrì, ìlú Lẹ́kkí wà lára ibi tí wọ́n há Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́. Ibi tí ó jìnnà sí ariwo ọjà òṣèlú ni ìjọba ń wá nígbà náà, Lẹ́kkí sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Olóyè yìí kan náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1987. Ibi tí wọ́n ti ń fi ènìyàn pamọ́ kúrò lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ Ifẹ̀ ń dù láti lọ kọ́lé sí báyìí.

Ojú títì ni ó kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ padà. Ní àwọn ọdún 1980 ni títì márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ la inú àbàtà já. Lẹ́yìn náà ni ti Màrókò dé. Màrókò jẹ́ àdúgbò àwọn tálákà lẹ́bàá Victoria Island. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà ológun, Raji Rasaki, bẹ̀rẹ̀ sí í wó o. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni a máa ń sọ pé ó di aláìnílé. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, pé òkun lè gbé e mì. Kò pẹ́ tí ilé àwọn olówó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sókè níbi kan náà, àfi bí ẹni pé òkun ti yí ọkàn padà.

Láti ìgbà náà, ilé ń sáré lọ sí ìlà oòrùn: Ajah, Ṣàngótẹ̀dó, Awóyáyà, títí dé Àkòdó. Ní ọdún 2006 ni wọ́n dá ibùdó òwò aláìsanbodè sílẹ̀ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ebúté tuntun níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni ó ṣí ilé ìfọpo Dangote, èyí tí wọ́n kọ́ kí ó lè máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Kò sí àwòrán ilẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ń tẹ́ síwájú ènìyàn tí wọn kì í kọ orúkọ ebúté àti ilé ìfọpo sí lára. Bí pílọ́ọ̀tì tilẹ̀ wà nínú irà, tí ọ̀nà ibẹ̀ kò gba ọkọ̀, wọn yóò sọ fún un pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni sí ebúté.

Síbẹ̀, ẹjọ́ ọmọ Màmá Tíṣà kò ṣe é dà nù. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe alárìnkiri. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó kọ́, ẹ̀bá ebúté ni iṣẹ́ náà sì wà. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó wá iṣẹ́ ní Ifẹ̀ fún ọdún méjì, kò rí. Ìlú tí yunifásítì ń bọ́ ni Ifẹ̀ láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ti kó láti Ìbàdàn dé ní ọdún 1967. Onílé, alátà, onímọ́tò àti ẹni tí ó ń tẹ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì fi da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọjà Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ṣọ́ọ̀bù di títì, yàrá àyágbé ṣófo. “Ẹ̀yin Màmá,” ni ọmọ náà sọ níwájú ẹbí, “ẹ ti fi owó oṣù yín rán mi ní ilé ẹ̀kọ́. Bí mo bá jókòó sí Ìlódè, ta ni yóò rán àwọn ọmọ tèmi?” Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn.

Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé àlàáfíà nìkan ni Ifẹ̀ mọ̀. Àwọn tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà rántí ọdún 1981. Wọ́n rántí ọdún 1997 títí di 2000, nígbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ sọ ilé di eérú. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko gbọ́dọ̀ rántí pé ilé pàápàá máa ń jó.

Nítorí náà ni ẹbí fi ní kí Màmá Tíṣà lọ fi ojú ara rẹ̀ wo ibẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Ní ìparí oṣù kẹfà, ó wọ ọkọ̀ ní Ifẹ̀, ó gba Ìbàdàn dé Èkó, ìrìn nǹkan bí 200 kìlómítà. Títí dé orí afárá tí ó gba orí ọ̀sà kọjá, ìrìn àjò náà dára. Láti Lẹ́kkí dé Ajah ni ọ̀rọ̀ ti yí. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ni ọkọ̀ ń lọ, ó sì gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó dé ibi tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí. Ọlọ́kadà kò sí tí yóò gbé e gba kọ̀rọ̀, nítorí láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà.

Obìnrin náà kì í ṣe ẹni tí ó máa ń bú ohun tí kò mọ̀. Ó rí ire ibẹ̀, ó sì sọ ọ́. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ ní alẹ́, ooru kò mú un bí ó ti rò. Ẹ́sítéètì tí ọmọ rẹ̀ yá ilé sí ní géètì, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ilé ìwòsàn kò jìnnà. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní yàrá ìkàwé tí ó tóbi ju ti ilé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá àgbà lọ. Ohun tí ó wú u lórí jù ni pé ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìlàjẹ, Ìgbò, Ẹ̀gùn àti Ìdómà jọ ń gbé láì sí ẹni tí ó ń bi ẹnì kejì pé níbo ni wọ́n ti sin bàbá rẹ̀. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pè ọ́ ní àlejò dára fún ọ̀dọ́.” Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà mìíràn: ibi tí kò sí àlejò, kò sí onílé níbẹ̀ pẹ̀lú.

Omi ni ó kọ́kọ́ sú u. Omi kànga ẹ̀rọ inú ọgbà náà pọ́n bí omi àdàlú ẹrẹ̀, ó ń run bí irin, iyọ̀ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ó ń sẹ́ omi, ẹ̀rọ náà sì ń jẹ owó. Nígbà tí ó bá bàjẹ́, mẹ́ruwà ni ó ń ta omi fún wọn láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ó kọ iye owó omi oṣù kan sílẹ̀ nínú ìwé àjákọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà olùkọ́, ó kọ ti jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ó kọ ti ẹ̀ṣọ́ àti ti ìdọ̀tí. Nígbà tí ó ròpọ̀, ó rí i pé ohun tí ó ń lọ lára ọmọ òun lóṣù kí ó tó jẹun rárá ju owó ìfẹ̀yìntì òun lọ. Lóòótọ́, kànga agbo-ilé ní Ìlódè máa ń lọ sílẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ènìyàn sì máa ń jí lóru láti tò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń san owó rẹ̀.

Àkókò ni èkejì. Ọmọ náà ń jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ó ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ní ọjọ́ iṣẹ́ márààrún, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í rí i lójú, àfi bí ẹni tí ó wá sùn mọ́jú. Ilé tí ó fẹ́ kọ́ sí Ìbẹ́jú yóò sún un mọ́ ibi iṣẹ́, òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà ní Ìkòyí, nítorí náà ìyàwó ni yóò wá máa jí ní aago mẹ́rin. Ìyá náà ṣàkíyèsí pé ẹnikẹ́ni kò ka èyí mọ́ owó ilé nígbà tí wọ́n ń tẹ́ àwòrán sórí ẹní ní Ìlódè.

Ní ọjọ́ 3 oṣù keje, òjò rọ̀ láti òru mọ́jú. Òjò ọdún 2024 yẹn kò ní gbàgbé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Lẹ́kkí àti Ajah. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá Tíṣà ṣí fèrèsé, kò rí òpópónà mọ́. Omi dúdú ni ó tẹ́ lọ láti géètì dé ìlẹ̀kùn, bàtà ọmọdé àti ike ń léfòó lórí rẹ̀. Omi náà wọ pálọ̀, ó gun tìmùtìmù. Àwọn ọmọ ń pariwo ayọ̀. Ìyàwó ilé, tí ó ti mọ̀ ọ́n, ti gbé ìrẹsì àti àwọn ìwé sí orí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ohun tí ó dẹ́rù ba ìyá náà ni èyí, pé kò yà wọ́n lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kò ṣòro láti lóye. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga ju òkun lọ ní púpọ̀, nítorí náà bí ènìyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, omi ti dé. Òjò tí ó bá rọ̀ kò ríbi rì sí. Ó di dandan kí ó ṣàn lọ sí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ibi tí irà ti ń gba omi sára tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti da yanrìn sí, tí wọ́n kọ́lé lé. Ẹni tí ó bá da yanrìn tirẹ̀ ga ti lé omi lọ sínú ilé aládùúgbò. Aládùúgbò náà yóò tún da tirẹ̀ ga sí i. Ilé mìíràn tilẹ̀ jókòó sí ojú àgbàrá gan-an, títí ìjọba fi ń wá wó o. Ní ìhà òkun, ìgbì ń jẹ ilẹ̀: àwọn ará Òkun Àlfà ti rí i tí òkun gbé ilé àti ọ̀nà wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2024 yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ títì etíkun tí ó fẹ́ gba 700 kìlómítà láti Èkó dé Kálábà, ilé àti ibi òwò tí ó bọ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀ sì di wíwó. Ẹni tí òkun kò lé, títì lè lé e.

Nígbà tí omi fà, ọmọ náà mú ìyá rẹ̀ lọ wo pílọ́ọ̀tì náà. Koríko ga dé àyà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri kan pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà. Ọkùnrin tí ó ń tà á ní kí wọ́n má fiyè sí i. Màmá Tíṣà béèrè ìwé. Ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó di lọ́yà, ó sì ti gbọ́ tó láti mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè. Láti ọdún 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, ìjọba ti fi ọwọ́ lé ilẹ̀ gbọọrọ fún ìlò ara rẹ̀. Apá tí ó bá dá padà fún àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìjọba. Ilẹ̀ tí kò bá sí nínú ìwé náà, bí ènìyàn ra á ní mílíọ̀nù, ilẹ̀ ìjọba ni ó kọ́lé lé. Ó béèrè ojú ìwé tí orúkọ abúlé náà wà. Ọkùnrin náà ní ó wà lọ́nà. Ó béèrè pé bí ó bá di ọjọ́ ìpìlẹ̀, ta ni yóò tún wá gbowó. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2016 lòdì sí àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ń fi ipá gbowó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọkùnrin náà sọ ohun tí òfin kò sọ.

Ó wá rò ó nínú ọkọ̀ bí wọ́n ti ń padà. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà ní Ìlódè kò ní ìwé kankan. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè gbà á. Ilẹ̀ ẹbí ni. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láì sí ti olórí ẹbí, títà náà kò múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láì fi lọ àwọn àgbà ìdí ìgbẹ́, ilé ẹjọ́ lè yí i padà. Àṣà yìí gan-an ni ọmọ rẹ̀ ń bínú sí, nítorí ó ń dá a dúró. Ó sì ní ìdí láti bínú: ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè dá tà, ẹnikẹ́ni kò lè fi yá owó. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní Ifẹ̀ tí koríko ń hù lórí rẹ̀ nígbà tí ọmọ ẹbí ń ṣe ayálégbé ní ẹ̀yìn odi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dá ọmọ dúró yìí ni ó ti dá ilẹ̀ náà dúró fún un láti ọjọ́ tí a ti bí i, tí òun kò fi mọ̀.

Ní oṣù kẹjọ, ó padà sí Ifẹ̀. Ẹbí tún péjọ. Baálé kò béèrè ohun mìíràn ju èyí tí ó ti béèrè tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá Tíṣà kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ní ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀, ilẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, omi ni. Ọmọ mi kò ṣìnà láti gbé ibẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ó máa yá ilé. Èmi yóò yọ nínú owó tí mo fi pamọ́ láti fi ràn án lọ́wọ́ san owó ilé ọdún méjì. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí títa ilẹ̀, èmi náà kò sì ní kó lọ.”

Ọmọ náà bínú. Ó ní owó ilẹ̀ ń gòkè lójoojúmọ́, pé bí òun kò bá rà á báyìí, òun kò ní lè rà á mọ́ láé. Ó ní owó ilé tí ènìyàn ń san ń lọ láì padà. Òdodo ni ó sọ lórí ọ̀nà méjèèjì. Ó kúrò ní Ìlódè kí oòrùn tó wọ̀, kò dúró jẹ iyán tí wọ́n gún. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Màmá Tíṣà kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń gbé ìtòsí rẹ̀ rí i pé iná yàrá rẹ̀ kì í tètè kú mọ́ lálẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ń gbọ́ àlọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní oṣù keje, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò báyìí ní Ajah títí tí bàbá wọn fi ń dé. Èyí náà wà nínú ìṣirò, kò sì rí ibi tí yóò kọ ọ́ sí nínú ìwé àjákọ.

Ní ìparí oṣù kejìlá, ọmọ náà wá sílé fún ọdún. Ẹni tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ fún un ti gbé owó lé e, ó sì ti kọjá agbára rẹ̀. Ó sọ ọ́ láì gbé ojú sókè, ìyá rẹ̀ kò sì fèsì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó béèrè lọ́wọ́ baálé pé níbo gan-an ni ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé náà parí sí. Ẹnu ya bàbá náà pé ẹni tí ó fẹ́ tà á kò mọ ààlà rẹ̀. Ó mú ọ̀pá, ó ṣíwájú. Màmá Tíṣà tẹ̀lé wọn, àwọn ọmọ sì tẹ̀lé e. Ó fi igi pèrègún àkọ́kọ́ hàn wọ́n lẹ́bàá ògiri, ó fi èkejì hàn wọ́n lábẹ́ igi obì. Ẹ̀kẹta ni wọn kò tètè rí, nítorí igbó ti bò ó. Ọmọ náà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbà àdá lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó.